Bí Tìrìmísíyù Onígbàjámọ̀ Ṣe Fi Iná Sọ́wọ́ Alùpùpù

Ọlọ́run dá ọwọ́ sára gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó jọ pé inú fìríìjì ni ti Tìrìmísíyù onígbàjámọ̀ wà títí di ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ìrọ̀lẹ́ ni ìka onítọ̀hún tó ń jí. Bó bá di ife omi mú fún ìgbà díẹ̀, ẹ kúkú lè da ṣúgà sí i kẹ́ ẹ máa tà á fún àwọn ọmọ iléèwé. Ọwọ́ Yìnyín ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ó kọ́kọ́ máa ń bínú, nígbà tó yá ó ń dáhùn, nígbà tó tún yá ó wá dà bíi pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ká ní bíríkìlà ni, ta ni ì bá dá sí i? Búlọ́ọ̀kù kì í sunkún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Tìrìmísíyù ni kó máa fá orí ọmọ tuntun láàárọ̀ ọjọ́ sùná, ìyẹn ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó móoru bọ̀, tó ń sùn jẹ́jẹ́ lórí itan ìyá àgbà, tí wọ́n wá gbé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lé láwùjẹ̀! Igbe tí ọmọ náà ń ké ló ń jí àwọn apẹja ní Ìwáyà. Ìgbà ọ̀yẹ́ ló sì ń burú jù, torí alùpùpù ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, atẹ́gùn ìdájí á ti fẹ́ ọwọ́ náà títí, tó bá fi máa dé ilé ọlọ́mọ, abẹ ìfárí á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé.

Nínú ọ̀yẹ́ ọdún FESTAC lọ̀rọ̀ ọ̀hún wá dójú ẹ̀. Ilé kan wà ní Mushin tí Tìrìmísíyù ń tọ́jú bí ẹyin, ilé Àlájì Yẹ̀kínnì tó ń ta pákó, torí àwọn ará ilé náà ń bímọ bí ẹni tí wọ́n ń bá díje. Bí ìyàwó Àlájì kò bá bí, ìyàwó àbúrò rẹ̀ á bí. Bí ìyẹn bá sinmi, ayálégbé á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá yọ ilé yẹn kúrò nínú iṣẹ́ Tìrìmísíyù, orí tirẹ̀ nìkan ló kù tí yóò máa fá. Ìyàwó Àlájì wá bí ọkùnrin lẹ́yìn obìnrin márùn-ún. Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi ti Tìrìmísíyù, nítorí ìyá Àlájì, Àlájà Kùdírátù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju òfin ìjọba ológun lọ nílé náà, ránṣẹ́ pè é.

"Tìrìmísíyù, ọmọ-ọmọ mi márùn-ún lo ti dẹ́rù bà. Ẹ̀kẹta nínú wọn, títí di òní tó bá rí abẹ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá lọ. Ọkùnrin lèyí. Mo ti ní kí Sùnmọ́nù wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ náà. Tí ọmọ yìí bá fi lè ké lábẹ́ ọwọ́ ẹ, Sùnmọ́nù ni yóò parí orí ẹ̀, òun náà ni yóò sì máa fá orí nílé yìí lọ."

Sùnmọ́nù yìí, onígbàjámọ̀ Ìdí-Oró ni. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Wọ́n ní bó bá gbé e lé ọmọ lórí, ọmọ náà á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní ó tún máa ń dúpẹ́.

Tìrìmísíyù délé, kò lè jẹun. Sìmíátù ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Mobọ́lá, ẹ ò ṣe kúkú yá ọwọ́ Sùnmọ́nù lò lọ́jọ́ náà?"

"Ìyá Mobọ́lá, má dá mi lágara."

"Àbí kẹ́ ẹ tún fi ìpara òtútù yẹn ra á?"

Ìpara òtútù kẹ̀? Ó ti dán an wò rí ní Yaba. Ọmọ tó fá orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ń sín títí àdúrà fi parí, Àfáà pàápàá bá a sín.

Gbádé mẹkáníìkì, tó ń tún alùpùpù rẹ̀ ṣe, ló tú àṣírí òyìnbó fún un. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ yín lókè òkun. Rọ́bà kan wà tí wọ́n ń fi bọ ọwọ́ alùpùpù, wáyà wà nínú ẹ̀. Tí iná bátìrì bá ti wọ inú wáyà yẹn, rọ́bà á máa gbóná. Ẹni tó ń gùn ún á kàn máa yáná lọ ni."

"Yáná? Lórí alùpùpù?"

"Bí ọba!"

Bí wọ́n ṣe gba Yaba lọ nìyẹn, sọ́dọ̀ Àǹtí Evelyn tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù nítòsí ojú irin. Ọkọ Àǹtí Evelyn ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́. Ohunkóhun tó bá rí létíkun òyìnbó ló ń rà bọ̀, títí kan ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lò ní Èkó láéláé. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́ ohun tí wọ́n wá rà, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já lórí rẹ̀.

"Bùọ̀dá, níbi tí yìnyín ti ń já bọ́ ni wọ́n ti ń lo èyí o. Ẹ wò mí, òógùn ti fẹ́ gbé mi lọ níbi tí mo jókòó sí."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọwọ́ mi."

Àǹtí Evelyn gba ọwọ́ náà. Ẹ̀rín dúró. Ó fa ìborùn bo apá, ó ní, "Jésù! Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n bá yín wá a kíá."

Oríṣi méjì ló gbé jáde nínú páálí. Ọ̀kan dà bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ rọ́bà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á sì fi okùn dè é bíi bàtà. "Èyí máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́," Àǹtí Evelyn ló sọ bẹ́ẹ̀. "Èyí ló máa tó yín." Ìkejì jẹ́ odidi rọ́bà dúdú tó ki bí ṣùkù àgbàdo, wáyà sì jáde ní ìdí rẹ̀ bí ìrù eku. "Èyí ńkọ́, ọkọ mi ní àwọn tó ń gbé níbi tí béárì inú yìnyín ń gbé ló ń rà á."

Ẹni tó bá ní làákàyè á mú èyí tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tìrìmísíyù náà na ọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló rántí ọwọ́ Sùnmọ́nù, ó rántí búrẹ́dì inú ààrò, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á mọ́.

"Ẹ fún mi ní ti béárì."

Gbádé fi ọ̀bẹ la rọ́bà àtijọ́ kúrò, ó fi omi ọṣẹ pa ọwọ́ irin náà, ó sì fi agbára ti rọ́bà tuntun wọ̀ ọ́. Ó gba wáyà abẹ́ táǹkì kọjá. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí bọ́tìnnì nínú páálí yìí o. Ṣé ká wá ọ̀kan tẹ́ ẹ máa fi máa pa á?"

"Pa á kẹ̀? Ta ló ń pa iná nígbà tí òtútù ń mú un?"

Gbádé kò bá a jiyàn. Ó so wáyà náà mọ́ ti iná iwájú, pé tí iná iwájú bá ti tàn, kí rọ́bà máa gbóná. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, wáyà ọwọ́ ọ̀tún kúrú jù. Tìrìmísíyù yí ọwọ́ náà kí alùpùpù lè sáré, ọwọ́ náà há, kò padà mọ́, ó di ìsọ̀ ẹlẹ́pà, tòun ti alùpùpù. Wọ́n bẹ obìnrin náà, wọ́n ṣa ẹ̀pà rẹ̀, Gbádé sì fi wáyà kún wáyà.

Láàárọ̀ ọjọ́ sùná, kùrukùru bo ìlú débi pé ajá ń gbó ìrù ara rẹ̀. Tìrìmísíyù tan iná iwájú, ó gbéra. Kí ó tó jáde ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ọwọ́ rẹ̀ ti móoru. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ béárì. Nígbà tó dé Ojúẹlẹ́gba, ọwọ́ ọ̀hún ti ń jóná bí iṣu tí wọ́n gbàgbé sínú ẹyín iná. Bó bá paná, kò ní rí ọ̀nà. Bí kò bá paná, ọwọ́ á jinná. Ló bá gbé ọwọ́ òsì sókè kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ. Ó sọ ìyẹn kalẹ̀, ó gbé ọ̀tún sókè. Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún.

"Ẹ káàárọ̀ o!" Bàbá kan tó ń gbálẹ̀ juwọ́ sí i. Obìnrin kan tó ru omi kúnlẹ̀ tòun ti garawa. Ọlọ́pàá kan ṣe sàlúùtù fún un. Tísà kan tí kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé Tìrìmísíyù kì í kí èèyàn bó bá ń kọjá, ṣí fìlà, ó ní, "Ọwọ́ Yìnyín ti wá mọ ọmọlúàbí ṣe!" Kí ó tó dé Mushin, ó ti juwọ́ ju ẹni tó ń wá ìbò lọ.

Nínú àgbàlá, Sùnmọ́nù ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́. Àlájà gbé ọmọ lé itan. "Tìrìmísíyù, gbé ọwọ́ ẹ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ ná." Ó gbé e kàn án.

"Yéè! Ṣé o fẹ́ sun mí jẹ ni?"

Tìrìmísíyù sáré ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún orí ọmọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní omi náà dún ṣìì, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Ọwọ́ rọlẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi kan orí ọmọ. Ọmọ yán. Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, Àfáà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà, ojú Sùnmọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í fà ro.

Àmọ́ ọ̀yẹ́ kò gbọ́ àdúrà. Nígbà tí abẹ fi máa dé àárín orí, ọwọ́ Tìrìmísíyù ti ń padà sí ìwà rẹ̀. Ọmọ ká ètè bí ẹni tó fẹ́ ké. Sùnmọ́nù dìde díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Tìrìmísíyù ju abẹ sílẹ̀, ó sáré jáde, ó fẹsẹ̀ ta alùpùpù, ẹ̀rọ rẹ̀ dún, ó tan iná iwájú, ó sì dì mọ́ rọ́bà bí ẹni dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ó sáré padà, ó fá díẹ̀. Ọmọ tún ká ètè. Ó tún sáré jáde.

"Ìwọ Tìrìmísíyù!" Àlájà pariwo. "Orí ọmọ ni, kì í ṣe eré ìje! Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wọlé wá!"

Wọ́n ti alùpùpù wọ àgbàlá, ó ń ṣe pù-pù-pù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àfáà, ẹni tó wá ń pariwo àdúrà bí ẹni ń tajà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá dúró lójú kan báyìí, ó fẹ́ máa kú, iná rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú.

"Sùnmọ́nù," Àlájà ní, "ṣé ìran lo wá wò ni? Lọ di ọwọ́ ọ̀tún mú, máa yí i díẹ̀díẹ̀ kó má kú!"

"Èmi, Àlájà?"

"Ṣé Sùnmọ́nù méjì ló wà níbí?"

Sùnmọ́nù dì í mú. Ọwọ́ búrẹ́dì pàdé rọ́bà béárì. Ó fò sókè, ó gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀rọ fẹ́ kú, Àlájà ké mọ́ ọn, ó tún dì í mú. Báyìí ló ń jó títí, tí Tìrìmísíyù ń yáná ní ọwọ́ òsì, tó ń padà lọ fá orí. Ọmọ náà ńkọ́? Kò ká ètè mọ́ o. Ohùn ẹ̀rọ náà ti wọ̀ ọ́ lára, ó ń sùn, ó ń hanrun bí àgbàlagbà tó jẹ iyán. Tìrìmísíyù fá irun tó kù kanlẹ̀, ó nu orí náà, ó dán gbinrin. Ẹkún kò jáde.

"Ilé yìí di tìẹ," Àlájà sọ fún un. "Sùnmọ́nù, o ṣeun o, o lè máa lọ." Sùnmọ́nù ti ń fẹnu fẹ́ ìka rẹ̀.

Tayọ̀tayọ̀ ni Tìrìmísíyù pa alùpùpù.

Ariwo tí ọmọ náà ké! Ẹyẹlé orí páànù fò lọ. Wọ́n fún un ní ọmú, ó kọ̀. Wọ́n pọ̀n ọ́n, ó ń ta lẹ́yìn wọn. Àlájì Yẹ̀kínnì fúnra rẹ̀ jó fún un, òfo ni.

"Tan ẹ̀rọ yẹn padà!" Àlájà ní. Ó tàn án, ọmọ dákẹ́. Ó pa á, ọmọ ké. Ó tún tàn án.

"Àlájà," Tìrìmísíyù ń bẹ̀bẹ̀, "alùpùpù mi ni mo fẹ́ gùn lọ sílé o."

"Ọmọ ilé ẹ kọ́ ni? Ẹsẹ̀ ẹ ń dùn ẹ́ ni? Àlájì, ẹ ra pẹtiróòlù sí i kó má tán."

Oòrùn ti là nígbà tó fẹsẹ̀ rin wọ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Sìmíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá Mobọ́lá, ṣé Sùnmọ́nù gba ilé yẹn ni?"

"Rárá o. Èmi ni mo nilé."

"Alùpùpù yín dà?"

Tìrìmísíyù jókòó sórí pèpéle, ó bọ́ bàtà.

"Ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún ní Mushin."