Pákó Tí Kì í Ṣe Pákó Lẹ́yìn Ilé Màmá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tí ògiri kan fi ojú mi rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ògiri. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin lẹ ti ń retí.

Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà ní Aládé, ní Ìdànrè. Búlọ́ọ̀kù ni iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, pákó ìrókò ni. Bàbá mi ló la pákó yẹn, àwọn ló fá a, àwọn náà ló kàn án. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, Màmá kì í pè é ní ògiri mọ́. "Pákó bàbá yín" ni wọ́n ń pè é.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná ni iṣẹ́ Màmá. Tí àwọn àgbẹ̀ bá ti fọ́ kòkó tán, Màmá á kó èèpo rẹ̀ jọ, wọ́n á sá a, wọ́n á sun ún di eérú, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú. Ibo ni wọ́n ti ń sun ún? Ẹ̀yìn ilé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó! A sọ ọ́ títí, ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n ní iná àwọn mọ àwọn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná náà gbàgbé ẹni tó mọ̀. Kí àwọn aládùúgbò tó pọnmi dé, ẹ̀yìn ilé ti lọ. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó fara pa. Èmi sunkún. Màmá ò sunkún. Wọ́n kàn wo ilẹ̀ títí, wọ́n ní eérú ìrókò kì í dáa fún ọṣẹ.

Mo bá kó wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́. Ẹ bá mi wò ó: fúláàtì kékeré, ìyá aládùúrà, agogo àdúrà. Ní ìdájí, tí Màmá bá ti ń lu agogo, tí wọ́n ń kọrin, obìnrin tó ń gbé lókè wa á máa fi igi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ ilé rẹ̀ gbàm-gbàm. Màmá rò pé ó ń gberin ni. Wọ́n á tún gbé orin náà sókè sí i.

Ṣùgbọ́n Màmá ń rù. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Ilé ni wọ́n fẹ́, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ní kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ẹ̀yìn ilé náà. Wọ́n ní tí ojú àwọn ò bá rí pákó láàárọ̀, àwọn ò ní mọ̀ pé ilé àwọn làwọn jí sí. Mo ní kí wọ́n wá fi iṣẹ́ eérú sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni èmi máa fi ọ́fíìsì sílẹ̀.

Àṣé ohun kan wà tó jọ pákó, àmọ́ tí iná kì í ràn! A lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, irú méjì ni wọ́n gbé jáde. Àkọ́kọ́ ń dán, ó fúyẹ́, gbogbo ìlà ara igi ló wà lára rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á búra pé iná ò lè ràn án láéláé. Ìkejì wúwo bí òkúta. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá tẹ àwòrán igi sí i lójú. Ká má parọ́, àkọ́kọ́ ló wù mí. Màmá ní kí wọ́n gé díẹ̀díẹ̀ fún àwọn nínú méjèèjì, àwọn fẹ́ lọ bá a sọ̀rọ̀ nílé.

Bí a ṣe délé, wọ́n tan gáàsì. Wọ́n fi ẹ̀mú di àkọ́kọ́ mú, wọ́n nà án sí iná. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó rọ̀, ó tẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún iná gbalaja! Òórùn rọ́bà gba gbogbo ilé, obìnrin òkè bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Wọ́n na ìkejì sí iná, iná lá a títí, ojú rẹ̀ kàn dúdú díẹ̀ ni. Màmá fi èékánná ha á. Wọ́n ní eléyìí ní sùúrù, àmọ́ àlejò ni.

Òun la rà. Káfíńtà kan ní Aládé bá wa kàn án, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ìrókò. Nígbà tó parí, mo dúró sẹ́yìn ilé, omi bọ́ lójú mi. Ó jọ pákó bàbá mi débi pé mo fẹ́ kí i.

Màmá dé, wọ́n wò ó, wọ́n ní mo ṣeun. Ó tán. Ẹ̀yìn ilé tí wọ́n máa ń jókòó sí láàárọ̀, wọn ò débẹ̀. Wọn ò dáná. Báàgì wọn wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọn ò tú u. Wọ́n ní tí àlejò yẹn ò bá mọ́ àwọn lára, àwọn á bá mi padà sí Àkúrẹ́. Mo rántí agogo. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń rù.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, èmi àti Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn wa ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń dáko kòkó ní Ofosu, dé láti kí wa kú ilé. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn pé sìmẹ́ńtì ni nǹkan náà. Pákó tuntun ni wọ́n rí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi oògùn ikán pa lára. Ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí? Ta ló ń kan pákó nílùú wa tí kì í fi ọ́ìlì dúdú inú mọ́tò kùn ún nítorí ikán? Ọdọọdún ni Bàbá Kékeré àti bàbá mi jọ máa ń kun ti àtijọ́.

Bàbá Kékeré bá gba ọ́ìlì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, wọ́n da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i kó lè wọra, wọ́n sì kùn ún láti òkè délẹ̀. Nígbà tí a dé, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Wọ́n ní ìwé tí mo kà ni kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ikán wà láyé.

Ikán wo ló ń jẹ sìmẹ́ńtì? Màmá ní, "Ẹ ṣé o, ọkọ mi." Mo rò ó lọ́kàn pé tí ilẹ̀ bá mọ́, màá fọ̀ ọ́ kúrò.

Ilẹ̀ mọ́. Kí n tó wá ọṣẹ, èéfín ti ń yọ. Màmá ti wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ti dáná sí èèpo kòkó! Wọ́n ní òórùn ọ́ìlì yẹn ló jí àwọn, pé ẹ̀yìn ilé ti ń rùn bí ó ṣe máa ń rùn nígbà ayé bàbá mi. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi lọ́wọ́ ni iná ti fò mọ́ ògiri.

Ògiri tí iná kì í ràn ń jó, ẹ̀yin èèyàn mi! Mo pariwo. Bàbá Kékeré, tó sùn sílé wa mọ́jú, ń bu iyanrìn, wọ́n ń pe orúkọ bàbá mi. Màmá fà wá sẹ́yìn, wọ́n ní kí a jẹ́ kó jẹun tán. Lóòótọ́, nígbà tí ọ́ìlì tán, iná kú fúnra rẹ̀. Pákó kan ò já bọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ dúdú kirikiri.

Bàbá Kékeré jókòó sílẹ̀, wọ́n béèrè irú igi tó jẹ́. Mo ní sìmẹ́ńtì ni. Wọ́n wo ọwọ́ wọn pẹ́. Wọ́n ní ṣé sìmẹ́ńtì làwọn wá ń fi ọ́ìlì kùn látàná?

Nígbà tí ògiri tutù, Màmá gbé àpótí ìjókòó wọn wá síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n fi ẹ̀yìn ti dúdú yẹn. Wọ́n ní báyìí gan-an ni èéfín ṣe máa ń sọ pákó bàbá yín dà. Wọ́n wá ní kí n lọ tú báàgì àwọn.

Káfíńtà padà wá láti tún un kùn. Màmá bi í pé ògiri ta ló fẹ́ kùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ontàjà, ẹ gé díẹ̀, ẹ fi iná bi í léèrè. Tí ẹ bá sì ti kàn án tán, ẹ tètè sọ ohun tó jẹ́ fún gbogbo ẹbí, pàápàá èyí tó fẹ́ràn yín jù. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ìfẹ́ dáná sun ilé yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, èmi náà fẹ́ kà á.