Ìka Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórí Yìnyín

Nígbà tí mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ni mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ojú mi ló sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ti wọlé; ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dà bí ẹni pé orí ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni mo dúró lé. Mo wá ń rìn lọ síbi ọkọ̀, mò ń wo ilẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, torí pé bí mi ò bá wò ó, mi ò ní mọ ìgbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Itẹ́ òkú la wà. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bí ẹni ń fi abẹ fá ni lójú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Mùtíù tán ni.

Mùtíù àti èmi la jọ ń wa bọ́ọ̀sì. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ ní Old Kent Road, nílùú òyìnbó níbí, tí òun náà ń gòkè bọ̀, a ó tan iná síra wa. Àyà ló dì í mú, kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìsìnkú Mùsùlùmí kì í sì í fẹ́ ìdádúró, bí àwọn ìwé ìjọba ti parí báyìí, itẹ́ òkú yá, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe yìnyín. Mi ò bínú sí èyí. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bí wọ́n bá tún pè mí fún ìsìnkú Mùtíù lọ́la, màá lọ.

Ẹni tí mo bínú sí ni alága ẹgbẹ́ àwa Mùsùlùmí Yorùbá. Alhaji la máa ń pè wọ́n, àgbàlagbà tí gbogbo wa ń dọ̀bálẹ̀ fún ní Peckham níbí. Ọkọ̀ tó ń gbé òkú bọ̀ kò tíì dé nígbà tí Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ pé ká tò.

"Ẹ bọ́ bàtà! Ìrun la fẹ́ kí, a ò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Alhaji, ilẹ̀ yìí mà tutù o."

Alhaji ò wẹ̀yìn. "Ẹni tá a fẹ́ kí ìrun sí lára tutù jù yín lọ, kò sì ṣàròyé."

A bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ òwú ló wà lẹ́sẹ̀ mi, èyí tí mo fi ń wakọ̀. Kò pẹ́ tí yìnyín abẹ́ rẹ̀ fi yọ́, ìbọ̀sẹ̀ rin gbindin, omi náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì padà mọ́ mi lára. Wọ́n tẹ awakọ̀ òkú láago, ó ní yìnyín ti dí ọ̀nà, òun wà lórí òkè kan, òun ò lè sọ̀. Àwọn kan na ọwọ́ sí bàtà wọn. Alhaji ní kí ẹnikẹ́ni má tú ìlà ká, pé òkú ti dé tán. Òkú ò dé. A dúró títí eyín wa fi ń gbá ara wọn, títí ìrora tó wà lẹ́sẹ̀ mi fi di ìgbóná kan báyìí, ìgbóná náà sì lọ. Nígbà tó lọ, mo dúpẹ́. Mo rò pé ara mi ti mọ́ ọn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn: bí òtútù bá ń dùn yín lẹ́sẹ̀, tí kò wá dùn yín mọ́, ẹ má dúpẹ́. Ẹ sáré.

Mo wo ẹsẹ̀ Alhaji. Ìbọ̀sẹ̀ aláwọ tó nípọn, tí wọ́n fi irun àgùntàn tẹ́ nínú, ló wà ńbẹ̀. Àní kápẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà lábẹ́ wọn. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun gan-an ló wọ́ ọ.

Nígbà tí òkú wá dé, tá a sin ín tán, tí mo délé, ìyàwó mi, Ìyá Rukayat, ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe, tí ìyá tèmi náà máa ń ṣe, tí gbogbo ìyá nílẹ̀ Yorùbá máa ń ṣe sí ẹsẹ̀ tó bá ń yọni lẹ́nu. Ó se omi, ó da iyọ̀ sí i, ó bù ú sínú báàfù. Ó fi ìka kàn án, ó fa ọwọ́ yọ kíá.

"Ó gbóná o, Bàbá Rukayat. Ẹ jẹ́ n bu omi tútù lé e."

"Gbé e wá bẹ́ẹ̀," mo ní. "Òtútù ló wà ńbẹ̀."

Mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo jókòó, mo mu tíì, mò ń sọ̀rọ̀ Mùtíù. Lẹ́yìn náà, Ìyá Rukayat fi ìpara tó máa ń ta wọ́ ọ, ó fọwọ́ ra á kíkankíkan. Kò ta mí. Nínú ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti wá, òun ló sì ba ohun tí yìnyín ṣẹ́ kù jẹ́.

Mo ti bi àwọn dókítà léèrè títí tó fi yé mi, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Omi wà nínú ẹran ara wa. Bí òtútù bá pọ̀, pàápàá bí ẹsẹ̀ bá tutù tó sì rin, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á sún kì kí ooru má bàa jáde lára. Ara á dáàbò bo àyà àti ikùn, á fi ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀. Omi inú ẹran ibẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Yìnyín wẹ́wẹ́ ni yóò máa gún ẹran náà láti inú. Àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ìrora fún ọpọlọ á kú tàbí kí wọ́n sùn, ìdí nìyẹn téèyàn ò fi ní mọ̀ bí omi bá ń bó o. Bí òtútù bá mú yín báyìí, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má fi síwájú hítà, ẹ má fi omi gbígbóná kàn án. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọmọ ọwọ́ lè wẹ̀ ló tó, kí ẹlòmíì tí ọwọ́ rẹ̀ yè sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìmọ̀lára padà, ó sì mú ìjà dání. Mi ò mọ bí n ó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Ká ní wọ́n to ìka èèyàn sórí ọlọ, tí wọ́n wá ń lọ̀ ọ́ bí ata. Mo pe nọ́ńbà ìlera tí ìjọba ní ká máa pè. Nọ́ọ̀sì kan gbé e.

"Ṣé awọ ibẹ̀ funfun ni, àbí ó pupa?"

"Màdáámù, èèyàn dúdú ni mí."

Ó tún bi mí pé, "Ṣé ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

Mo wò ó. Kò funfun, kò pupa. Ó rí bí eérú, bí ìgbà téèyàn ò fi ìpara para lásìkò ọyẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lo oògùn ìrora, kí n sinmi, kí n tún pe àwọn bó bá di funfun tàbí aláwọ̀ búlúù. Mo gbé fóònù kalẹ̀. Inú ń bí mi títí di òní tí mò ń kọ ọ́. Ìlú tí èèyàn dúdú kún inú bọ́ọ̀sì mi láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìwé tí wọ́n fi ń wo àìsàn ò mọ̀ pé a wà ńbẹ̀! Ẹ jẹ́ kó yé yín: lára tiwa, awọ tí òtútù pa máa ń rí bí eérú, á le bí àbẹ́là, á tutù. Ẹ má dúró de pupa.

Rukayat ọmọ mi, tí wọ́n bí síhìn-ín, ló dé láti ibi iṣẹ́ tó ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ìléròrò ti sọ, àwọn kan ní omi tó mọ́ nínú, ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ní ẹ̀jẹ̀ dúdú.

"Daddy! Ẹsẹ̀ yín looks dead, I swear. Ẹ dìde. We're going now."

"Nọ́ọ̀sì ní kí n sinmi."

"Nọ́ọ̀sì ò rí yín. Èmi rí yín. Mummy, ẹ bá mi mú kóòtù wọn."

A jókòó ní emájẹ́nsì títí ìjókòó fi bó mi nídìí. Ọmọ kan ń sunkún, ọ̀mùtí kan ń kọrin. Nígbà tí dókítà obìnrin kan ṣí ẹsẹ̀ náà, ó béèrè ẹni tó fi omi gbígbóná sí i. Ìyá Rukayat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní èmi ni. Ó ní àrùn méjì ló pàdé lójú kan: òtútù ló kọ́kọ́ pa á, omi gbígbóná sì jó ohun tí òtútù ṣẹ́ kù.

"Ṣé ẹ máa gé e?" Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló dúdú jù. Bí àtàǹpàkò yẹn bá lọ, kò sí bọ́ọ̀sì tí wọ́n máa fún mi wà mọ́, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí mo mọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí.

"A ò ní gé nǹkan kan báyìí," ló dáhùn. "Ara yín ló máa fi ààlà hàn wá."

Ohun tó ń sọ ni pé ẹran tó kú àti ẹran tó yè máa ń jọra ní ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà tó bá kánjú gé e, á gé èyí tó ṣì lè jí. Nítorí náà, wọ́n fún mi lóògùn tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí n máa dúró. Ìdúró yìí, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni. Mò ń wo ìka mi bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run. Méjì tó kéré jù lẹ́sẹ̀ òsì dúdú, wọ́n gbẹ, wọ́n sún kì bí ẹ̀pà tó jóná. Òórùn wọn ń kọ lu èmi fúnra mi. Àtàǹpàkò ọ̀tún kò dúdú ju bó ṣe wà lọ, kò sì padà bọ̀ sípò.

Ìgbà yìí ni Alhaji wá kí mi, àwọn àti alfa wa tó ṣíwájú ìrun Mùtíù. Wọ́n mú ọsàn wá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Rukayat. Àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ sọ pé àlùhàmúdúlílàhì."

Mi ò sọ ọ́. Alfa ni mo kọjú sí. "Alfa, bí bàtà bá mọ́, ṣé ẹ̀sìn ní kéèyàn bọ́ ọ lórí yìnyín kó tó kí ìrun sí òkú lára?"

Alfa wo ọsàn. "Rárá o. Bàtà tó mọ́ kò ba ìrun jẹ́. Ẹ̀sìn ò ni yín lára."

"Ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Alhaji ló sọ̀rọ̀," ni alfa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. "Àgbà ni wọ́n."

Alhaji yọ fìlà, wọ́n tún un dé. "Ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?"

Ìyá Rukayat ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Alhaji. Ìrora ló ń sọ̀rọ̀."

"Ìrora kọ́," mo ní. "Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ ní ká bọ́ bàtà, Alhaji. Ẹ má gbé e lé Ọlọ́run lórí. Ọlọ́run ò sí lórí kápẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ìyá Rukayat ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó wá gbé oúnjẹ fún mi, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá jẹ́ kí wọ́n bó ọsàn jẹ ná." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ààlà náà yọ nígbà tí ooru ń bọ̀. Àwọn ìka méjì ti ẹsẹ̀ òsì lọ. Dókítà gé wọn, kò pẹ́ tó fi ṣe tán, mi ò sì béèrè ibi tí wọ́n kó wọn sí. Ti àtàǹpàkò ọ̀tún yàtọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èèpo dúdú rẹ̀ ṣí bí èèpo iṣu sísè, awọ tuntun wà lábẹ́ rẹ̀, ó rọ̀, ó mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Mo pe Ìyá Rukayat. Mo kàn ń nàka sí i.

Kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí àgbàlá gáréèjì, olùkọ́ kan jókòó lẹ́yìn mi, ó ní kí n sáré, kí n wá tẹ bíréèkì lójijì. Mo tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀sì dúró gbọnyin. Mo sì kígbe.

"Ṣé ó dùn yín ni?"

"Ó dùn mí dáadáa," mo ní. Ó rò pé mò ń ráhùn. Kò mọ̀ pé mò ń yọ̀ ni.

Bí òtútù bá dé báyìí, ẹsẹ̀ mi á ti mọ̀ kí n tó ṣí fèrèsé. Á máa ta mí, á máa jó mi. Dókítà ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ títí ayé. Mo gbà. Ara tó ń dunni ṣì ń báni sọ̀rọ̀, mo sì ti mọ bó ṣe ń rí nígbà tí kò bá báni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tí kò kánjú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìka mẹ́jọ tó dúró tì mí.

Ẹgbẹ́ ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alhaji, àgbà ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n bá mi kí Alhaji, pé ẹsẹ̀ mi ti ń wa bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò tíì san tó èyí tó lè rin ìrìn yẹn.