Ẹ̀rọ Tó Kọ̀ Láti Tún Èkó Pè

Ariwo kan wà tí mi ò lè ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí: igbe módẹ̀mù. Àpótí kékeré dúdú kan ni. A so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lápá kan, a so ó mọ́ okùn fóònù lápá kejì. Bó bá fẹ́ pe Èkó, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé í-méèlì wà, á kọ́kọ́ súfèé, á wá hó ṣàà bí epo gbígbóná tí omi kán sí, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni ayọ̀ wa, nítorí ó túmọ̀ sí pé Èkó ti gbé e, lẹ́tà ti ń lọ, lẹ́tà ti ń bọ̀.

Mo rántí ìgbà náà dáadáa, ìgbà tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ó kù díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Táíwò Road nílùú Ìlọrin, níbi tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí a sì ń bá àwọn èèyàn fi í-méèlì ránṣẹ́ sókè òkun. Ọmọ Ìkìrun ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, mo sì gbà tọkàntọkàn pé láti ọjà Ìpàtà títí dé ibi tí ìlú parí sí, kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó mi. Ọ̀gá mi, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, máa ń wò mí títí, á ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé èèrà wà lórí àga rẹ ni?"

Láìnì kan ṣoṣo ni àwa àti ìyá ọ̀gá jọ ń lò. Yàrá Màmá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, fóònù tirẹ̀ sì wà lórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀. Nítorí náà òfin wà nílé yẹn: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo láìnì gbọ́dọ̀ kígbe sí ẹ̀yìn pé, "Màmá, a fẹ́ lo fóònù o!" Màmá á dáhùn pé, "Ó dáa, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i," kò sì ní fọwọ́ kan fóònù rẹ̀ títí a ó fi ṣe tán.

Láìnì ayé ìgbà yẹn, bí òjò bá ṣú lásán ní Òkè-Òyì, ó lè já ní Táíwò. Ṣùgbọ́n kò dà wá láàmú, nítorí kọ̀ǹpútà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí láìnì bá ti já, kò ní pẹ́ kó tó tún Èkó pè fúnra rẹ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi á wà nídìí fọ́tòkọ́pì, mi ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀gá ti Èkó dé pẹ̀lú sọ́fítíwíà tuntun. Wọ́n ní ó yára, wọ́n ní ó gbọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Mo yọ ti àtijọ́ dànù, mo fi tuntun sí i, mo ń kọrin lábẹ́nu. Ọjọ́ náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ ara mi pe Èkó, á wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí láìnì bá já, tó ku kí ẹ̀rọ tún un pè fúnra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á kùnà. Á tún bẹ̀rẹ̀, á tún kùnà. Mo pààrọ̀ okùn. Mo gbé módẹ̀mù kúrò lórí tábìlì sílẹ̀, mo gbé e kúrò nílẹ̀ sórí fèrèsé. Mo bú sọ́fítíwíà, mo bú òjò, mo bú gbogbo ẹni tó bá ní okùn lọ́wọ́. Mi ò jẹun ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá ní kí n fara balẹ̀, pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo sì tún tú ìdí kọ̀ǹpútà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni tíṣà kan wọlé. Òkè-Òyì ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí ṣáàtì rẹ̀ ti ṣá ṣùgbọ́n tí wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá ọ̀nà àtilọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i lókè òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ti wá gbà á wàyí, wọ́n á sì gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó fi í-méèlì dá wọn lóhùn kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹni tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á fún láyè. Ó ti kọ ìdáhùn náà sínú ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n kà á sí òun létí, ó tún ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo kígbe sí Màmá, mo pe Èkó, ó wọlé. Lẹ́tà ń lọ lọ́wọ́ ni láìnì já.

Tíṣà ní kíláàsì láti kọ́ lọ́sàn-án, bọ́ọ̀sì sì ti ń kún. "Ṣé ó ti lọ, ọmọ mi?"

"Ó ti lọ, sà."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe é níbi. Ojú ló ń tì mí kí ẹ̀rọ dójú tì mí níwájú oníbàárà, mo sì mọ̀ pé bó bá ti yí ẹ̀yìn, n ó tún un pè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run á gbé mi ga, ó sì lọ.

Mi ò tún un pè. Mo jókòó kí n rí bóyá ẹ̀rọ á pè é fúnra rẹ̀. Ó kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́rin níṣojú mi. Inú bí mi débi pé mo yọ sọ́fítíwíà náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo tún un fi sí i látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tó ń dúró nínú rẹ̀ bá a lọ, ti tíṣà wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi mí ní wákàtí yẹn pé lẹ́tà tíṣà ńkọ́, ǹ bá ké. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ tíṣà, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ló wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí láìnì já. Mo dúró sẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Èkó: tó-tó-tó, tó-tó. Mo gbọ́ agogo fóònù Màmá lódì kejì ògiri: tín-tín-tín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Màmá fúnra rẹ̀.

"Waalaikumu salaamu! Ta ni o?"

Mo sáré wọ yàrá. Màmá di fóònù mú létí, ojú rẹ̀ kún fún àánú. "Láti ọjọ́ Àtìní, ọjọ́ Ajé yín yẹn, ni ẹni yìí ti ń kí mi. Bí mo bá dá a lóhùn, á kàn máa hó lásán. Àìsàn ló ń ṣe é. Mo ti ń ṣe àdúà fún un."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ wa ni! Kí ló dé tí ẹ̀ ń gbé e?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. "Ẹni tó bá kí ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má dáhùn."

Ibi tí gbogbo rẹ̀ wà nìyẹn. Súfèé ni sọ́fítíwíà àtijọ́ fi ń pe nọ́ńbà, fóònù Màmá kì í sì í gbọ́ súfèé. Tuntun ń kan nọ́ńbà gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bíi fóònù ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fìka yí, ìyẹn sì ń mi agogo rẹ̀; bí Màmá bá sì ti gbé e, ìpè ẹ̀rọ bàjẹ́ nìyẹn. Bí èmi bá fẹ́ pè, mo ti kọ́kọ́ kígbe, nítorí náà Màmá kì í dá agogo náà lóhùn. Ẹ̀rọ kì í kígbe. Mo ti ń gbọ́ tó-tó-tó yẹn láti ọjọ́ Ajé, mo rò pé ọgbọ́n tuntun ni.

Mo dá a padà sí súfèé. Ìṣẹ́jú kan ò gbà á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ okùn, mo tún tì í bọ ihò rẹ̀, ẹ̀rọ sì tún Èkó pè. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀gá ti kírun Jímọ̀ dé, ó ní kí wọ́n ra wàrà díndín fún mi. Aláǹgbá tó já láti orí ìrókò ní bẹ́nìkan ò yin òun, òun á yin ara òun; èmi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ròyìn ara mi fún gbogbo ẹni tó wọlé. Àyè ṣì wà láti tún lẹ́tà tíṣà tẹ̀ kí n fi ránṣẹ́. Èyí ni kì í jẹ́ kí n sinmi. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àyè tíṣà ṣì wà nílẹ̀, èmi sì ń jẹ wàrà.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni tíṣà padà wá, pẹ̀lú iṣu mẹ́ta nínú àpò, ó ní òun wá dúpẹ́. Mo ṣí àpótí lẹ́tà rẹ̀. Ọ̀kan ti wọlé. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì kà á fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ̀rọ ni, sà," ni mo wí. "Sọ́fítíwíà tuntun ló sọ ọ́ nù." Mo sì bú sẹ́kún.

Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Má sunkún mọ́. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ìwọ. Ṣé ìwọ lo ní kó má lọ ni?" Ó gbé iṣu náà sílẹ̀ fún mi, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkè-Òyì ló ti kọ́ ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. A máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní Ìpàtà, bí ẹnikẹ́ni bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀, á nawọ́ sí mi, á ní, "Ẹni tó sunkún nítorí mi nìyí." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé lógún ọdún dáadáa. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò sì dìde. Mo ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ dọ̀tí."

Mo dìde.