Fáàfù Tí Kò Fẹ́ Tu Omi

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Olújìmí fi ṣiṣẹ́ fáàfù nílé iṣẹ́ epo kan ní Warri. Ṣùgbọ́n ní Calgary, wọ́n ní kó lọ tún ìdánwò ṣe, ló bá di ẹni tó ń wakọ̀ lọ Airdrie láràárọ̀ lọ kó ẹrù ní warehouse. Boiler tó ń fi omi gbígbóná mú ilé ẹ̀ móoru láti basement, tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, nìkan ló kù tó lè fi hàn pé òun ṣì mọṣẹ́.

Ìdùnnú, ìyàwó ẹ̀, ti ní kí wọ́n pe oníṣẹ́ tó níwèé àṣẹ. Olújìmí bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní Sátidé kan péré. Ó yọ control tó ń wọn agbára omi àti fáàfù ààbò, èyí tó ń tu omi jáde kí boiler má bàa bẹ́, torí wọ́n ti gbó, ó fi tuntun sí i, ó tan boiler. Fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í tu omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, torí omi tó fà sí i ti pọ̀ jù. Ìyẹn ò burú, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ó gòkè lọ jẹun.

Ìgbà tó máa padà dé, ọwọ́ géèjì tó ń fi agbára omi hàn ti kọjá ọgbọ̀n, ibi tó yẹ kí fáàfù ti ṣí gbayawu. Ẹ̀kán omi kan ò jáde. Ó sáré pa boiler. Báwo? Fáàfù tuntun? Ó wo ọfà tí wọ́n yà sára ẹ̀, ibi tó yẹ ló kọjú sí. Ó ka ìwé tó bá a wá lẹ́ẹ̀mejì, kò yé e. Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́ fún yín. Àbí òun ò tiẹ̀ mọṣẹ́ mọ́ rárá ni? Ìdùnnú ti dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wá nọ́ńbà oníṣẹ́ lórí fóònù. Olújìmí ò lè wò ó lójú.

Ló bá kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti fi àkísà dí ẹnu páìpù tí omi fáàfù ń gbà jáde, wọ́n wá fi rọ́bà táyà dì í pinpin. Rọ́bà tí ìyá ẹ̀ fi di báàgì wá láti Òṣogbo lóṣù tó kọjá ni.

Màmá ò sẹ́. Ó ní òun wá kó aṣọ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni, òun rí omi tó ń ṣòfò.

“Mọ́mì, ta ló kọ́ yín ní irú èyí?”

Màmá wò ó títí. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú ju ọmọ ẹ̀ lọ.

“Ìwọ náà ni, Jìmí. Nígbà tí páìpù ilé wa ń jò, orí fóònù lo ti kọ́ mi. O ní kí n ta á ní kókó mẹ́ta.”

Nígbà tí boiler tutù, Olújìmí gbìyànjú kó tú kókó náà. Kò tú. Bó ṣe kọ́ màmá gan-an ni màmá ṣe ta á. Ìdùnnú fi fóònù sápò, ó lọ bá a mú ọ̀bẹ wá.