Títí Bàbá Yóò Fi Dìde

Rọra ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ń pè é. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ o! Bọ́ǹbù tí àwọn ọ̀tá bá rì mọ́lẹ̀ ló máa ń wú, kí àwọn ọmọ ogun tó kù lè rọ́nà gbà. Ta ló fẹ́ máa kánjú nídìí irú iṣẹ́ yẹn? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ti Rọra, bó bá bàjẹ́ pẹ́nrẹ́n, wọn ò ní rí òkú rẹ̀ sin.

Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń ṣe é. Á mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á máa fi gún ilẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, àfi tó bá dìde. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń dá wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé òkèèrè ni ohùn èèyàn ti ń dé etí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá, ohun kan ṣoṣo ló ń wá bọ̀ nílé: kí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún tí kò mọ̀ ọ́n ju inú fọ́tò lọ, dì mọ́ ọn.

Ọjọ́ kejì ló ba nǹkan jẹ́. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a. Ọmọ yọ́ wá látẹ̀yìn, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Dúró síbẹ̀! Má gbẹ́sẹ̀!"

Háà! Ẹyin mà lohùn. Ọmọ náà tọ̀ sára.

Ìyá rẹ̀ sáré wọlé. "Bàbá ọmọ, ta lẹ ń pariwo mọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ojú ogun lẹ wà ni?"

Ojú ti Rọra. Ó bẹ ọmọ títí, ó wá fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún ẹ̀bẹ̀: "Má bínú, ọmọ mi. Tó o bá ti rí mi lórí ìkúnlẹ̀, má sún mọ́ mi. Dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí màá fi dìde."

Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ pe ọmọ, á mú bisikíìtì dání, á kúnlẹ̀ kó má bàa ga jù lójú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ á dúró sí, á kàn máa wò ó. Ó dun Rọra wọra.

"Ọmọ yìí kórìíra mi," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ọkọ̀ ológun fun fèrè lẹ́nu géètì. Rọra kúnlẹ̀ ní fàráńdà, ó la apá.

"Ó yá, wá dì mọ́ mi kí n tó lọ."

Ọmọ sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ tún ti kúnlẹ̀," ló wí. "Ẹ dìde ná, kí n lè wá."

Ó dìde. Ọmọ sáré wá, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú pinpin, ó forí ti ìgbànú rẹ̀. Rọra fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wo ojú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù bà á kó má tún sá. Ó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi fun fèrè lẹ́ẹ̀kejì.