Kò Sí Ẹ̀gbọ́n Lórí Pápá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Àdó, tí ibi tí ẹ ń pè ní Ring Road lónìí ṣì jẹ́ igbó tí ìyá wa ti ń já ewé, pápá bọ́ọ̀lù kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ, ẹ kò ní rí i. Ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ pápá yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú ń bí mi. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí yóò fi sùn, kó lọ bá ìyá àgbà mìíràn.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà tún ru sókè. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Bódìjà ni mò ń gbé, àwọn ọmọ-ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ń ti Agbowó wá sì máa ń kún inú pálọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba. Òyìnbó kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan títí orúnkún rẹ̀ fi bàjẹ́, tí wọ́n wá fi ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ kan náà. Kò sí ohun tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ lé e, bó ṣe ṣubú, bó ṣe padà dìde. Aṣọ́lé tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù, tó sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, ó wá fi ọmọdé kan sẹ́nu ilé. Wọ́n borí. Ariwo sọ nínú pálọ̀. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin wá yíjú sí mi, ó ní, "Grandma, ṣé ẹ rí nǹkan? Kóòṣì gidi nìyẹn. Òyìnbó ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Àwa ńkọ́? Ká máa ṣe ẹ̀gbọ́n, ká máa ṣe àbúrò!"

Mo dìde, mo wọ kíṣìnnì lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní àwa! Ta ló sọ fún un pé àwa kò ní irú rẹ̀ rí? A ní i. Ẹnu wa ni a fi lé e lọ.

Ilé kan náà ni àwa àti ẹni tí mò ń wí yìí ń gbé. Ní Dùgbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irin ìkọ́lé, ló ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, orí pápá lẹ ó ti rí i. Apá òsì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá sáré gba ibẹ̀ kọjá, eruku ni àwọn tó ń lé e máa ń rí. Ní ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀, ẹnì kan ta á nípàá, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, kò sì nà tán mọ́ láéláé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó má lọ ilé, kó máa kọ́ àwọn. Báyìí ló ṣe gba fèrè sọ́rùn, tí gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Kóòṣì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà, ni aṣọ́lé ikọ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé tó dára yóò ti máa wò ó pé kí ló dé tí ìyá àgbà yìí kò fi "wọn" bọ̀wọ̀ fún àwọn tó jù ú lọ. Ti Kóòṣì, òun ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ níwájú.

Ohun tó ń ba ikọ̀ wa jẹ́ ni pé ọmọlúàbí ti pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà nínú ikọ̀ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn: olóko wà níbẹ̀, bàbá ọlọ́mọ wà níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ wà níbẹ̀. Bí ọmọdé bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àgbà, yóò ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ta á síbí." Kó tó sọ ọ́ tán, àwọn ọ̀tá ti gbà á lọ. Bí àgbà bá ń ṣìṣe, kò sẹ́ni tó lè jágbe mọ́ ọn. Ọmọ kan tilẹ̀ wà tó máa ń tọrọ àforíjì bó bá fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù sí ẹni tó jù ú lọ, nítorí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé a kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Àwa ọmọdé létí pápá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi dé ilé.

Kóòṣì wá ṣe òfin. Eérú inú àdògán àwọn ìyá wa ni wọ́n fi ń fa ilà yí pápá ká. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá ilà eérú náà, kó bọ́ bàtà sílẹ̀, kó sì bọ́ ọjọ́ orí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. "Lórí pápá, kò sí ẹ̀gbọ́n." Kí ọmọdé pe àgbà ní ìwọ, kó pariwo mọ́ ọn, kó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fèrè bá ti fọn, tí wọ́n bá jáde kọjá ilà, ọmọdé gbọ́dọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà tó pariwo mọ́, àgbà náà yóò sì sọ fún un pé, "Dìde." Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tó parí. Kóòṣì fúnra rẹ̀ kì í yẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo, pẹ̀lú orúnkún tí kò nà, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ní, "Dìde," yóò sì nawọ́ fà á sókè. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó. Títí di òní, n kò tíì rí òfin tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ikọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í borí. A na ti ẹ̀yìn Mọ́kọ́lá, a na àwọn kan tó ti ìhà ibi tí Challenge wà báyìí wá, a wá kan àwọn ará Òjóò ní àṣekágbá. Àwọn àgbà àdúgbò tí wọ́n ti ń kùn sí òfin Kóòṣì dákẹ́, torí ó dùn mọ́ àwọn náà láti borí.

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Gbogbo ilé wọ aṣọ tó dára. Ìyá Kóòṣì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síwájú. Ìgbà tí wọ́n wọ pápá la rí i pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ló wà lẹ́nu ilé, tí ẹ̀gbọ́n Kóòṣì sì wà lórí bẹ́ǹṣì, tó doríkodò. Ìyá wọn ké. Baálé ilé wa ránṣẹ́ pe Kóòṣì létí ilà, wọ́n bi í kí ló dé. Ohun tó sọ kò ju, "Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ má bínú." Ó padà sí ipò rẹ̀. Ọmọ télọ̀ yẹn fò lọ́jọ́ náà ju bí eléré orí ìtàgé ṣe ń fò lọ, ayò kan sí òdo ni a fi na Òjóò.

Ẹ rò pé a jó? A kò jó. Bí wọ́n ṣe gbé ife ẹ̀yẹ náà wọ agboolé, ẹ̀yìn ni àwọn àgbà kọ sí i. Baálé ní, "Ta ni ọ́, tí o fi ẹni tí ìyá rẹ kọ́kọ́ bí jókòó lójú ayé bí ẹni tí kò wúlò? Ṣé nítorí o ti gba fèrè?" Wọ́n ní kó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, gbogbo wa sì ń retí kí ẹ̀gbọ́n ní, "Dìde." Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ara ògiri. Kò sọ ọ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Kóòṣì ṣì wà nílẹ̀. Níkẹyìn ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Baálé, ó wọlé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kó lọ sí Ṣakí, ìlú ìyá wọn. Wọ́n ní ó ń ta kẹrosíìnì níbẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ọmọdé bá ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé rẹ̀, ńṣe ló ń wọlé lọ ti ilẹ̀kùn. Orúkọ tó fi sílẹ̀ ní agboolé wa ni "Afẹ̀gbọ́n-jókòó", òun sì ni wọ́n fi ń bá ọmọ tí kò gbọ́ràn wí. Ikọ̀ náà tú ká láìpẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè fọn fèrè sí àgbà mọ́. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ ra pápá dé, kò sẹ́ni tó dúró fún un. Nígbà tí Kóòṣì kú, a gbọ́ ọ, kò sì sẹ́nì kan láti ilé wa tó lọ sin ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò lọ.

Lẹ́yìn Ìléyá tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n yìí ní Òkè-Àdó. Ó ti darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ méjèèjì kò ríran mọ́. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sọ ìtàn ayé òyìnbó kan náà tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń yìn yìí lórí rẹ̀. Ṣàdédé ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú tí kò ríran. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí àbúrò mi má fi mí sẹ́nu ilé lọ́jọ́ àṣekágbá."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ sọ?"

Ó ní bọ́ọ̀lù ti ń di méjì lójú òun láti bí oṣù mélòó kan. Irú àrùn tó fọ́ bàbá wọn lójú ni. Ìgbéyàwó rẹ̀ kò sì jìnnà mọ́ nígbà náà. Bí àwọn àna bá gbọ́, wọn kò ní fi ọmọ wọn fún un. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣíwájú eré náà, ó ní kó bá òun wá ẹlòmíràn, kó sì bo òun láṣìírí, kó má sọ fún ẹ̀dá alààyè, ìyá wọn pàápàá. Àbúrò ṣèlérí fún un. Ó sì mú un ṣẹ títí ó fi wọ inú ilẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ wá dákẹ́? Lọ́jọ́ tó wà nílẹ̀ níwájú yín, ẹ dákẹ́? Ẹ fẹ́ ìyàwó tán, ẹ bímọ tán, ojú yín fọ́ tí gbogbo ayé rí i, kí lẹ tún ń bò?" Ó ní, "Kí ni ayé ó wí?" Ó wá bẹ̀ mí pé kí èmi náà bo òun láṣìírí. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo àgbà ló pé lọ́jà lọ́jọ́ yẹn o! Kò sí ọ̀kan tó bi ẹ̀gbọ́n pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo mọ̀ sí i?" Ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n kà, wọ́n sì dájọ́.

Ayé ti yí padà, mo mọ̀. Àwọn ọmọ yín kì í dọ̀bálẹ̀ mọ́, ọwọ́ ni wọ́n ń jù sókè kí ènìyàn. Wọn kò ní pápá, inú fóònù ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n rò pé láti Ìlú Ọba ni ìgboyà ti ń wọkọ̀ bọ̀. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ọmọbìnrin Kóòṣì ṣì wà ní Ṣakí, ó ti di ìyá àgbà bíi tèmi, ìtìjú bàbá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó yọjú sí ilé wa rí.

Nítorí náà, mo ti sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Ṣakí, kó bá mi kà á sí i létí. Mo mọ̀ pé àgbà mi ni ẹni tí mo tú àṣírí rẹ̀ yìí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti bọ́ bàtà mi, mo ti kọjá ilà eérú, kò sì sí ẹ̀gbọ́n níbí.

Bí mo bá jáde kọjá ilà náà, n óò pa òfin Kóòṣì wa mọ́. N óò lọ sí Òkè-Àdó, n óò kúnlẹ̀ níwájú bàbá afọ́jú yẹn lójú gbogbo ilé. N kò sì ní kúrò lórí eékún mi títí yóò fi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò sọ fún àbúrò rẹ̀: "Dìde."