Ọwọ́ Tí Limota Fi Ń Rọmọ

Ní Ìkàrẹ́, bí ọmọ ọwọ́ bá ń kọ oúnjẹ, Limota ni wọ́n ń ké sí. Á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ká ẹnu rẹ̀, á da àgbo sí i, á sì fún imú rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi gbé e mì. Bí ọmọ bá bì í, á tún rọ òmíràn. Ó máa ń fọ́nnu pé kò sí ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ òun láìyó.

Nílé ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀kà ló ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Obìnrin yẹn ló rọ àkọ́bí Limota. Ọmọ ń bì, wọ́n ń rọ ọ́, ó gbẹ títí ó fi kú. Wọ́n ní àbíkú ni. Limota gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni ì bá tún gbà?

Ọdún tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń kó ọkùnrin lọ la ọ̀nà, tó sì kó Badmus ọmọ Limota mọ́ wọn, ni Raliat ìyàwó rẹ̀ bí Sàídì. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù kan tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Èébì náà kì í ṣe kékeré, ṣe ló ń tú jáde kan ògiri, ebi yóò sì tún máa pa ọmọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Limota tẹra mọ́ rírọ. Ọmọ ń rù.

Lọ́jọ́ kan tí Limota lọ já ewé àgbo ní Ugbe, ó padà bá ọmọ lójú oorun, kò sí èébì nílẹ̀. Raliat jẹ́wọ́ pé òun kò rọ ọ́, pé omi ọmú lòun ń fi ìka kán sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. Inú bí Limota. Ó bi í bóyá ó fẹ́ febi pa ọmọ kí bàbá rẹ̀ tó dé ni. Ó gbé Sàídì, ó rọ ọ́ yó. Kò pẹ́ tí nǹkan kan wú lábẹ́ awọ ikùn ọmọ náà, tó ń yí lọ láti òsì sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn tí kò rí. Gbogbo rẹ̀ sì tú jáde.

Raliat kò sunkún. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Èyí tó kú ní Ọ̀kà, ṣé bó ṣe ń bì nìyí?"

Limota gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ó lọ da àgbo sẹ́yìn ilé, ó padà, ó ní kí Raliat fún ọmú sínú igbá. Ó ti ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì ń kán an sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Sàídì yè, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹ̀rù tó kúrò nílé náà. Limota kò rọmọ mọ́. Bí wọ́n bá wá pè é, á ní ọwọ́ ń dun òun. Nígbà tí Sàídì di géńdé, tó ru iṣu oko dé lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà wò ó títí.

Ó sọ fún Raliat pé, "Tèmi kì í ṣe àbíkú. Ó fẹ́ dúró. Àwa la ò jẹ́ kó dúró."